Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀

Ẹ̀yin ará, oorun ọ̀sán ni mo sùn lánàá lẹ́yìn ìsìn, ṣùgbọ́n àlá tí mo lá níbẹ̀ ju ti òru lọ. Ẹ jókòó dáadáa kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ o. Èmi tí mo lá a gan-an, ṣe ni mo kàn ń tẹ̀ lé e, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀, tó sì ń bọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó sùn. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́, iṣẹ́ igi ni mo fi ń gbafẹ́ lẹ́yìn ilé mi ní Ìkìrun níbí. Mò ń kan àpótí ìjókòó, mò ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ń kun ọ̀dà sí wọn lára. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kùn ún, ipa búrọ́ọ̀ṣì sì máa ń hàn lára igi bí ipa ìgbálẹ̀ nínú àgbàlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú ikùn, tó sì máa ń tú u jáde láti ẹnu rọ́bà, kí n lè máa fi fín ọ̀dà kó tẹ́jú bí awọ ọmọ tuntun. Èyí tó ṣeé gbé kiri ni mò ń wá, nítorí ilé iṣẹ́ mi kò ju ilé adìẹ lọ. Ilé adìẹ ni tẹ́lẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé iṣẹ́ yìí àti ibi tí ìyàwó mi, Dọ̀káàsì, ń gbé orí lé. Dọ̀káàsì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ti ní kó máa sùn lójoojúmọ́ ní ọ̀sán, kí ariwo má sì sí nítòsí rẹ̀. A ń jẹun lọ́wọ́ lánàá, mo ń yẹ ìwé pélébé kan wò tí òǹtàjà fún mi, tí wọ́n ya àwòrán oríṣiríṣi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí. Ìyàwó mi na ọrùn láti òdì kejì tábìlì.

"Bàbá Ìbùkún, èwo lẹ wá fẹ́ nínú wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ọ̀la ni mo ní màá fún òǹtàjà lésì."

"Èyí tó pupa yìí ńkọ́, tó tóbi bí ẹlẹ́dẹ̀?"

"Irú rẹ̀ ni Alàgbà Fálọdún rà."

Mo rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ọkùnrin mẹ́ta ló gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Alàgbà Fálọdún wọlé, àti pé láti ọjọ́ náà kò tíì fi ṣe nǹkan kan ju kó fi fẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò sí ìpàdé àwọn alàgbà tí kì í ti dárúkọ rẹ̀. Ó ti dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà rí.

"Ó dáa," ni ìyàwó mi wí, ó ń kó àwo. "Ẹ gbé e wálé. Àmọ́ ọjọ́ tó bá ti wọ ẹ̀yìn ògiri yẹn, èmi àti ìrọ̀rí mi máa wá ibòmíràn gbé orí lé. Ilé àbúrò mi ní Ìrágbìjí kò jìnnà."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe gbé àwo kalẹ̀ ní ìdáná. Àwo yẹn kò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé àga gbọọrọ jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fi ìwé pélébé náà bo ojú nítorí eṣinṣin, mo sì sùn lọ tòun ti aṣọ ìsìn lọ́rùn.

Mo rí i pé mò ń lọ sọ́dọ̀ òǹtàjà, bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ìwé orin lẹ́sẹ̀ òsì. Ìwé orin náà kò dun ẹsẹ̀ mi rárá. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á dá ìlà kan, bàtà á sì gbè é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ tí ọ̀nà kò gùn. Nígbà tí mo débi tí ilé ìtajà wà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wà lókè. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọ́fíìsì ìjọba, ó léfòó lójú sánmà bí bàlúùnù ọmọdé, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò. Fọkanáísà kan, irú àwọn tó máa ń fẹ́ táyà létí títì, jókòó sídìí igi náà, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pọ́ǹpù. Rọ́bà pọ́ǹpù náà gùn lọ sókè, ó wọ ìdí ọ́fíìsì lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹ tètè o. Tí mo bá sinmi, ìjọba á wálẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́?"

"Láti ìgbà òmìnira ni. Wọ́n ní àwọn máa fún mi ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Wọ́n ṣì ń ṣèpàdé lé e lórí lókè níbẹ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Mo wá ọ̀nà tí màá gbà gòkè, mi ò rí nǹkan kan àfi atẹ́gùn. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Àṣé àtẹ̀gùn ni. Àmì ohùn ló yàtọ̀, ẹ̀yin ará, igi rẹ̀ le dáadáa. Mo gùn ún títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo nǹkan inú ọ́fíìsì náà ló léfòó. Tábìlì léfòó, àga léfòó. Àwọn òṣìṣẹ́ náà léfòó, táì ọrùn wọn ni wọ́n sì fi so wọ́n mọ́ àga kí wọ́n má bàa lọ. Iṣẹ́ nìkan ni kò léfòó. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n sì ń wò ó láti òkè. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, ọkùnrin kan tó sanra tó dé fìlà tó tún fi gíláàsì sójú, rọra fò wá bá mi.

"Kí lẹ wá ṣe, Bàbá?"

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, ọ̀gá. Mo fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀."

Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu omijé.

"Ọkọ ìyàwó ti dé!" ló kígbe. "Ẹ ṣí yàrá àwọn wúńdíá!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irú fẹ́ yẹn."

"Fẹ́ mélòó ló wà?"

"Ẹ̀rọ ni mo ní mo fẹ́. Èyí tó ń fẹ́ dáadáa."

"Ẹ gbọ́ o! Bàbá fẹ́ ẹ, òun náà sì ń fẹ́ dáadáa! Irú ìfẹ́ báyìí ti wọ́n láyé."

"Afẹ́fẹ́ ló máa fẹ́, ọ̀gá. Kì í ṣe èmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Obìnrin tó pàtẹ́wọ́ gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Afẹ́fẹ́ ló máa fẹ́? Ó ti ní àfẹ́sọ́nà!" Gbogbo wọn wá ń wò mí tàánú-tàánú, bí ẹni tí Afẹ́fẹ́ fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó lè yọ mí. Ọ̀rọ̀ kékeré ni: rà. Bí mo bá sáà ti lè ní mo wá ra ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn. Mo la ẹnu. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó bà lé mi léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọn kì í ta nǹkan kan níbí, mi ò ríṣẹ́ ṣe." Ó sì gba ojú fèrèsé lọ. Mo juwọ́ sí i.

"Òfin ni," ni ọ̀gá wí. "Nínú ọ́fíìsì yìí, ẹni tó bá ní òun fẹ́, ó ti fẹ́ nìyẹn. Ó kù kẹ́ ẹ mú ọ̀kan."

"Mo ní ìyàwó nílé, ọ̀gá."

"A mọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá mú ni yóò gba ibi tí orí rẹ̀ wà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀. Mo rí Dọ̀káàsì lójú ọ̀nà Ìrágbìjí nínú ọkàn mi, tòun ti ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àlá ṣe rí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ẹ kú wàhálà."

Ilẹ̀kùn ṣí, àkọ́kọ́ jáde. Òun ni pupa ńlá inú ìwé pélébé mi. Ó fi aṣọ ìbòjú bojú, ó ń yí táyà rẹ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ilé sì ń mì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye agbára rẹ̀ sí i níkùn. Bó ṣe ń bọ̀ náà ló ń fi ìka nu iye yẹn, tó ń kọ èyí tó jù ú lọ.

"ÈMI NI!" ló wí. Fìlà ọ̀gá fò lọ. "KÒ SÍ IRÚ MI NÍ ÌKÌRUN!"

"Ti Alàgbà Fálọdún ńkọ́?"

"ÀBÚRÒ MI NI!"

Ẹ̀yin ará, inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n dì í fún mi.

"Fẹ́ díẹ̀ kí n rí i," ni mo wí.

Ó fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà gbé gíláàsì ọ̀gá, ó gbé kàlẹ́ńdà, ó sì gbé òṣìṣẹ́ kan gba ojú fèrèsé jáde tòun ti àga rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò janpata, ó ní àkókò àtilọ sílé kúkú ti tó. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Ó ti tán?"

"Ẹ dúró ná," ni pupa ńlá wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí n mí. Ikùn mi ló tóbi, èémí mi kúrú."

"Ṣé wàá lè fín kọ́bọ́ọ̀dù kan tán?"

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá."

"Jẹnẹrétọ̀ mi kéré o."

"Jẹnẹrétọ̀ yẹn máa kú," ló wí. Ó tún ara ṣe. "Mo ti pa púpọ̀ nínú wọn."

Mo kọjú sí ọ̀gá, mo bèèrè gàrántì.

"Gàrántì wà, Bàbá. Gàrántì gidi ni. Mée."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ó wà." Irùngbọ̀n tín-ín-rín ti hù nísàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀.

"Tó bá wá bàjẹ́, ta ni màá gbé e tọ̀ lọ?"

Ìwo méjì yọ níbi tí fìlà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Ẹ gbé e wá síbí. A ó wá... mée... a ó wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé gàrántì náà."

Ó mú un jáde, ó wò ó sókè, ó wò ó sódò, ó sì jẹ ẹ́. "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé," ló wí. Ìgbà tó máa fi gbé e mì, ó ti di òbúkọ látòkè délẹ̀, aṣọ ọ̀gá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tó yí ojú padà. Akọ̀wé rẹ̀ kàn tú táì ọrùn rẹ̀, ó fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, bí ẹni tó máa ń ṣe é lójoojúmọ́. Èmi náà ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá," nítorí ipò kì í tán lára èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ìkejì dé. Inú báàgì obìnrin ló wà, orí rẹ̀ nìkan ló yọ, ó ń dán.

"Mo ṣeé gbé!" ló wí.

"Mo rí i, ọmọ mi. Kí lo lè ṣe?"

"Mo ṣeé gbé lọ́wọ́, mo ṣeé gbé lábíyá, mo ṣeé gbé lọ sóde."

"Ṣé o lè fín ọ̀dà?"

"Ọ̀dà kẹ̀? Mo lè fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bí ọmọ náà kò bá kánjú. Àmọ́, Bàbá, mo ṣeé gbé o."

Mo gbé e. Lóòótọ́ ó ṣeé gbé. Mo gbé e padà.

Mo ní kí wọ́n mú ìkẹta wá, ṣùgbọ́n òbúkọ lu aago, ọ́fíìsì sì ti di ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn àga ìjókòó léfòó níṣẹ́jú kan náà. Ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ mi. Òbúkọ dúró lórí pẹpẹ, ó wọ aṣọ àlùfáà, ó ń jẹ ètò ìsìn. Ẹni tó kọ́kọ́ kí mi ni Alàgbà Fálọdún. Kò ní ọwọ́ kò ní ẹsẹ̀ mọ́, ó ti di bọ́ọ̀lù ọmọ-ọmọ rẹ̀, fìlà nìkan ló kù lórí rẹ̀.

"Ẹ kú oríire, Alàgbà!" ló wí, ó ń ta gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n. "Èèyàn mélòó ló gbé tiyín wọlé? Mẹ́ta ló gbé tèmi."

"Mẹ́rin á gbé tèmi," ni mo wí.

"Háà, Olúwa ṣeun!" Ìbànújẹ́ gbé e ta dé àjà.

"Ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ọkùnrin yìí fẹ́ ẹ̀rọ yìí," ni òbúkọ wí, "kó sọ ọ́, tàbí kó dákẹ́ títí láé. Mée."

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn. Dọ̀káàsì ni. Ó wọ aṣọ funfun ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lábíyá.

"Mi ò ní nǹkan kan sọ, Àlùfáà," ló wí. "Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí màá gbé orí lé ni."

Mo wo iwájú. Ibùsùn wa ló wà níbi tí àwọn akọrin máa ń jókòó, pupa ńlá sì ti sùn sí apá ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, ó ti fa aṣọ ìbora dé ọrùn.

"ÈMI NI MO NI APÁ YÌÍ!" ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Nígbà náà ni mo rí apá Dọ̀káàsì. Aṣọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń di apá láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n dì mọ́ ọn, rọ́bà rẹ̀ sì gùn gba àárín ìjọ lọ, ó wọ ikùn pupa ńlá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń hó ni abẹ́rẹ́ aago tó wà lápá ìyàwó mi ń lọ sókè. Ó ń wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ìka rẹ̀ wú, òrùka ìgbéyàwó wa há a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrò nílẹ̀.

"Bàbá Ìbùkún," ló wí jẹ́jẹ́, ó ń gòkè lọ, "mò ń lọ sí Ìrágbìjí o. Ẹ máa bomi sí ẹ̀wà yẹn, kó má jóná."

"Ó dáa," ni mo wí. Mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé bó bá dé àjà, mi ò ní rí i mọ́. Ẹnu mi ṣì ń sọ pé ó dáa.

Ìgbà náà ni ìkẹta wọlé. Kò ga, kò dán, àwọ̀ eérú ni, ó rí bí ìkòkò tí wọ́n fi ọwọ́ ìdìmú sí lára. Ó ń kùn lábẹ́ ohùn, bí obìnrin tó ń kọ áltò tí kò fẹ́ kí wọ́n wo òun.

"Ẹ má bínú, mo pẹ́," ló wí. "Mò ń da omi inú mi nù ni, kí n má bàa dípẹtà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló ń sùn lẹ́yìn ògiri?"

Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí mo ti dé òkè yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn.

"Ìyàwó mi ni. Ẹni tó ń lọ lókè yẹn."

"Ṣé ó máa ń tètè jí?"

"Eṣinṣin lè jí i."

"Ẹ jẹ́ ká rọra sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mi ò lágbára jù. Mo lè fín kọ́bọ́ọ̀dù kan tán láì dúró, bí ẹ kò bá máa kánjú. Ẹ̀yin nìkan lè gbé mi, mi ò sì ní pa jẹnẹrétọ̀ yín. Mi ò wá fẹ́ ọkọ, Bàbá, iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ tú afẹ́fẹ́ ara ìyàwó yín."

"Báwo ni màá ṣe tú u?"

"Gbogbo àwa tí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ jù nínú wa ni wọ́n fi òrùka kan sí lára. Ṣe ni wọ́n máa ń fà á."

Òrùka! Mo wòkè. Òrùka náà ń dán níka Dọ̀káàsì, ó sì ti kù díẹ̀ kí orí rẹ̀ kan àjà. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà dé ibẹ̀. Alàgbà Fálọdún nìkan ló ń ta sókè tó ń ta sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o," ni mo wí, mo sì fò lé e lórí.

"Ẹ rọra o! Ọkùnrin mẹ́ta ló..."

Ó ta gbọ́n, ó gbé mi fò. Mo nawọ́, mo sì di ìka Dọ̀káàsì mú.

"Bàbá!" ni òbúkọ kígbe nísàlẹ̀. "Ẹ dá wa lóhùn kí ìsìn parí! Ta lẹ fẹ́?"

"Dọ̀káàsì ni mo fẹ́!"

"Mée! Kò sí irú rẹ̀ nínú ọjà wa! Kò ní gàrántì!"

"Mo mọ̀!" ni mo wí, mo sì fa òrùka náà.

Fììì! Afẹ́fẹ́ jáde. Ó jáde lára ìyàwó mi, ó jáde lára Alàgbà Fálọdún. Pupa ńlá pẹ̀lú rọ lórí ibùsùn bí àpò òfìfo. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọ́fíìsì, gbogbo ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Mo yọjú, mo rí fọkanáísà nísàlẹ̀, ó ti nasẹ̀, ó ń jẹ máńgòrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló ké sí mi. "Mo ní kí n sinmi díẹ̀ ni."

A ń wálẹ̀, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ mi lójú. Ó ń fẹ́, ó ń dúró, ó ń fẹ́, ó ń dúró. Mo lajú.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ni. Iná ti lọ, ooru sì mú. Dọ̀káàsì jókòó sórí àpótí tí mo kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó fi ìrọ̀rí sẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi ìka mi sílẹ̀," ló wí. "Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ọ́ tòun ti òrùka."

Mo fi í sílẹ̀. "O ò sùn?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn? Òógùn bò yín, ẹ ń ké pé mo fẹ́, mo fẹ́, gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Mo ní bóyá atẹ́gùn lẹ fẹ́. Ni mo bá ń fẹ́ yín."

"Dókítà ní kí o máa sùn."

"Dókítà kò gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ké." Ó wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. "Ẹ tún dárúkọ Dọ̀káàsì kan níparí. Èwo nìyẹn? Ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ ti fẹ́ ìyẹn o jàre, ó ti pẹ́." Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yí ojú sápá kan, kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Mo gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá Ìbùkún, ìwọ lo máa bá mi lọ sọ́dọ̀ òǹtàjà lọ́la. Wàá jókòó, wàá dijú, wọ́n á máa tan ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o bá lè tòògbé sí la máa rà."

"Pupa ńlá ńkọ́?"

"Kí Alàgbà Fálọdún máa gbádùn tirẹ̀."

"Ẹ wá ní ẹ máa rà á? Ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́?"

"Rà," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde, ó sì dúró. Mo tún un sọ kí n lè gbádùn rẹ̀. "Rà. Sún mọ́bí, kí o sùn."

Ó gbé ìrọ̀rí lé apá àga mi, ó gbé orí lé e, kò sì pẹ́ tó fi sùn lọ. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde níbí o: ìyàwó mi tí kò fẹ́ ariwo ń hanrun ju pupa ńlá lọ. Òun sì kì í dúró mí.

Ìgbà tí mo wòkè, mo rí òbúkọ aládùúgbò wa níwájú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìwé pélébé ti já bọ́ lójú mi, òun ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti jẹ kékeré tó ṣeé gbé tán, ó ti dé orí pupa ńlá. Mo rọra bi í pé, "Ọ̀gá, gàrántì ńkọ́?"

"Mée," ló wí.

Mo jẹ́ kó máa jẹ ẹ́. Mo sì ń fẹ́ ìyàwó mi lọ.